Bí Ọkọ̀ Ìwòsàn Bá Ti Lọ Tán: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Lẹ́nu Kíkọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Ìgbèríko

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi nọ́ọ̀sì èyíkéyìí tó bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìwòsàn tó ń lọ láti abúlé dé abúlé: "Bí a bá kúrò níbí nírọ̀lẹ́ òní, ta ni yóò máa mójú tó ẹni tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lóògùn yìí títí a ó fi padà wá?" Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dákẹ́. Kì í ṣe pé wọn ò mọṣẹ́. Àwọn tí ọwọ́ wọn yá nídìí abẹ́rẹ́, tí wọ́n mọ oògùn bí ẹní mowó, pọ̀ nínú wọn. Ilé ìwòsàn ńlá ló ti mọ́ wọn lára, níbi tí ẹni tó ń gba iṣẹ́ alẹ́ yóò ti bá aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, tí dókítà yóò sì tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, kò sí ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. A ó palẹ̀ mọ́, ọkọ̀ á gbéra, ó sì lè tó oṣù kan kí abúlé náà tó tún rí wa.

Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó di ẹni tó ń kọ́ ẹlòmíràn, mo sì lè sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ ni ọjọ́ tó rọrùn jù. Èrò á pọ̀, oòrùn á mú, ẹsẹ̀ á máa dun ni, àmọ́ oògùn wà, ẹ̀rọ wà, èèyàn méjì mẹ́ta sì lè pawọ́ pọ̀ wo aláìsàn kan. Àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ ló ń pa èèyàn. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo máa ń ní lọ́kàn nígbà tí mo bá ń kọ́ nọ́ọ̀sì, ohunkóhun yòówù kí n máa kọ́ ọ.

Àwọn tó ṣáájú wa náà ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1925, Mary Breckinridge, nọ́ọ̀sì tó tún kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó padà di Frontier Nursing Service láàárín àwọn òkè ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà. Ẹṣin ni àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gùn lọ bá aboyún nílé, torí pé kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Àwọn ẹṣin yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń rántí, àmọ́ àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n kọ́ káàkiri àgbègbè náà, tí nọ́ọ̀sì ń gbé inú wọn, ló wú èmi lórí. Aboyún mọ ibi tó lè ránṣẹ́ sí lóru. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá wọn ṣiṣẹ́ padà sílé, ńṣe ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lórí òkè lè kọ́ iṣẹ́ náà lórí òkè.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ nọ́ọ̀sì ọkọ̀ ìwòsàn nínú yàrá ìkàwé nìkan. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2010 lórí bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe lè dúró sí ìgbèríko, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2021, sọ pé kí a máa mú akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbèríko, nítorí irú wọn ló ṣeé ṣe jù kó padà síbẹ̀, àti pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́. Ohun tí èmi náà ń fojú rí kò yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti dúró rí lẹ́bàá ọ̀nà láti àárọ̀ de ọkọ̀ tí kò wá kì í jágbe mọ́ aláìsàn tó pẹ́ dé. Ọmọ ìlú ńlá náà lè ṣe é o, mo ti rí àwọn tó dára gan-an nínú wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sùn sí abúlé fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó bá wọn pọnmi, kí ó mọ bí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù ṣe jìnnà tó. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti 1994 ni ọkọ̀ ojú irin ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní Phelophepa ti ń lọ bá àwọn tí dókítà jìnnà sí, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Tí n bá fẹ́ mọ nọ́ọ̀sì tó ti lóye ohun tí mo ń wí, bó ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń wò. Bàbá kan dé lọ́jọ́ kan, ó ti fẹsẹ̀ rìn jìnnà, ó ti dúró pẹ́ lórí ìlà. Bí wọ́n ṣe pe nọ́ńbà rẹ̀ ló sáré wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lórí aṣọ, apá ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ gbé 152/94 jáde, bíi ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ń nawọ́ sí oògùn, mo ní kó sinmi. A wá àga tó ní ẹ̀yìn, a ní kí bàbá fẹ̀yìn tì í, kí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kí ó má fi ọ̀kan kọ́ èkejì. A bi í bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. A ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, a sì gbé apá rẹ̀ lé àpótí kan kí ó lè bá àyà rẹ̀ dọ́gba. Fún ìṣẹ́jú 5, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí a tún un wọ̀n, 136/84 ni.

Ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá ṣì í wọ̀n láàárọ̀, wọ́n á rí i lọ́sàn-án. Bàbá yẹn ì bá gbé oògùn tí kò nílò lọ sílé, ì bá sì máa lò ó lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó máa mọ̀ bí òòyì bá ń kọ́ ọ lójú ọ̀nà oko. Ìṣẹ́jú 5 yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ pé àwọn kò ní, nítorí èrò. Mo máa ń sọ fún wọn pé ká to àga bíi mẹ́rin sábẹ́ òjìji, kí àwọn tó kàn máa sinmi níbẹ̀ kí wọ́n tó dé iwájú wa. Ìlà kò ní falẹ̀ rárá.

Ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lóòótọ́ tún wá yàtọ̀. Bí ọkọ̀ yóò bá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, tí a sì fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ 2, a ti fọwọ́ ara wa kọ́ ọ láti máa já oògùn náà sílẹ̀. Oògùn tí a ó fún un gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ tí a ń padà bọ̀, nítorí òjò lè gba ọ̀nà lọ, táyà lè bẹ́. Kí nọ́ọ̀sì tó kọ oògùn sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé níbo ni aláìsàn yìí ti máa rí i rà bí tọwọ́ rẹ̀ bá tán. Bí kò bá sí ibì kankan, oògùn tó wà nítòsí rẹ̀ ni kí a wá fún un, bó bá ṣe é lóore bákan náà.

Gbogbo nọ́ọ̀sì ló ń ṣàlàyé bí a ṣe ń lo oògùn. Ìbéèrè "Ṣé ó yé yín?" ni wọ́n fi máa ń parí rẹ̀, aláìsàn á sì dáhùn pé ó yé òun, torí pé kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì rò pé òun kò gbọ́n. Mo ti fòfin de ìbéèrè yẹn lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mo ní kí wọ́n máa sọ ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ó ṣe máa lò ó bí ẹ bá délé, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa." Nọ́ọ̀sì ló gbé ẹjọ́ náà lé ara rẹ̀ lórí, ojú kò sì ti aláìsàn. Ohun tí èèyàn máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìbéèrè yìí máa ń ya nọ́ọ̀sì tuntun lẹ́nu. Ìyá kan tó ti mi orí sí gbogbo àlàyé wa dáhùn pé òun á máa lo oògùn náà ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ òun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn o, tó yẹ kó máa lò lójoojúmọ́, ì báà fọ́ ì báà má fọ́. Ká ní a kò bi í, orí rẹ̀ lè má fọ́ rárá títí ẹ̀jẹ̀ ríru á fi gbé e ṣánlẹ̀.

Nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń bẹ̀rù ni ooru, wọ́n sì gbàgbé òtútù. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó yẹ kí inú àpótí tí a fi ń gbé abẹ́rẹ́ náà wà. Bí nọ́ọ̀sì bá yọ yìnyín láti inú fíríìsà, tó jù ú sínú àpótí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ọkọ̀ má baà pẹ́, abẹ́rẹ́ ìpá (tetanus), ti mẹ́dọ̀wú (hepatitis B) àti àjẹsára márùn-ún-nínú-ọ̀kan (pentavalent) lè dì, bí wọ́n bá sì ti dì, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bí ojú kò bá rí nǹkan kan lára wọn. Nítorí náà, a máa ń tẹ́ àwọn àpò yìnyín náà sílẹ̀, a ó máa gbé wọn sí etí lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa mì wọ́n. Títí a ó fi gbọ́ tí omi ń ró nínú wọn, a kò ní tò wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ rí wa níbi tí àgbàlagbà ti ń gbé yìnyín sí etí kò mọ ohun tí a ń ṣe, àmọ́ kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́ láyé.

Ìpinnu kan tún wà nídìí àjẹsára tó máa ń mú kí ọwọ́ nọ́ọ̀sì gbọ̀n. Ìgò àjẹsára èèyí (measles) tó wà fún ọmọ 10 ló wà lọ́wọ́, ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Bí a bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 6, ohun tó bá ṣẹ́ kù dànù ni. Ọ̀pọ̀ á ní kí ìyá náà padà wá nígbà mìíràn kí oògùn má baà ṣòfò. Nígbà mìíràn wo? Èmi ní kí wọ́n ṣí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ bẹ́ẹ̀, pé kí a má tìtorí ìgò dá ọmọ padà. Oògùn tó ṣòfò, a lè béèrè òmíràn. Ìyá tó rin ìrìn wákàtí mẹ́ta tí a sì dá padà lásán lè má wá mọ́.

Bí ọmọdé bá ń wú ikọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nígbà tí kò sunkún. Kíka ìdajì ìṣẹ́jú kí a sì fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀ kò tó. Fún ọmọ oṣù 2 sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bí ó bá tó 50, ó ti yá jù. Fún ọmọ ọdún 1 sí 5, bí ó bá tó 40. Èyí wà nínú ìwé, wọn kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa ń pẹ́ lé lórí ni ti ìyá ọmọ, torí pé òun ni nọ́ọ̀sì tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Kí ó tó kúrò níwájú wa, ó gbọ́dọ̀ lè ka àwọn àmì tí kò gba ìdúró: ọmọ kò lè mu tàbí fa ọyàn, ó ń bi gbogbo ohun tó jẹ, gìrì mú un, ó rọ jọwọrọ tàbí ó ṣòro láti jí. A tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìyá ní téèpù aláwọ̀ tí a fi ń wọn apá ọmọ. Bí apá ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 kò bá tó mìlímítà 115, pupa ni yóò bọ́ sí, àìjẹunrekánú ti wọ̀ ọ́ lára gan-an nìyẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì kan kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní iṣẹ́ tiwa ni. Ìyá tí kò mọ ìwé kà mọ pupa yàtọ̀ sí ewé, ó sì wà pẹ̀lú ọmọ náà lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ aboyún ló máa ń gba èmi lọ́kàn jù. Ní 1994, àwọn olùṣèwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé nípa ìdádúró mẹ́ta tó ń pa aboyún: ìdádúró kí wọ́n tó pinnu láti lọ sílé ìwòsàn, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí wọ́n bá débẹ̀. Ọkọ̀ tiwa lè dín ti ojú ọ̀nà kù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó bá wà níbẹ̀ nìkan. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, tí ìbẹ̀wò sì máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì síra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 34. Ọkọ̀ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè dá ìyẹn ṣe. Nọ́ọ̀sì tó bá rò pé òun nìkan ló ni aboyún náà ti ń fi í wewu. Ó yẹ kí ilé ìlera tó sún mọ́ wọn jù ti mọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí a bá ti wọ̀n ọ́n, tí a ti gbọ́ ìró ọkàn ọmọ inú rẹ̀, ìbéèrè mìíràn ṣẹ́ kù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lóru, ta lẹ máa kọ́kọ́ pè? Ọkọ̀ ta ni yóò gbé yín? Ṣé nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín? Ta ló lè sọ pé kí ẹ máa lọ? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo rí i pé ó níye lórí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi aboyún kan báyìí, obìnrin náà ní òun á dúró kí ọkọ òun ti ìrìn àjò dé, torí òun kò lè dá gbéra. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún un. Ó jáde lọ pe ìyá ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá, ó fún un ní àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà látòkèdélẹ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ̀jẹ̀, orí fífọ́ kíkan tí ojú ń ṣú, gìrì, omi tó ń dà kí ìrọbí tó dé, ọmọ tí kò yíra mọ́. Ó wá ní, "Mà, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tí bàbá ò sí nílé, ṣé ẹ lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e?" Ìyá náà ní kí ló dé tí òun ò ní lè ṣe é. Ó sọ ọ́ lójú aboyún náà. Mo ti wo ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́, mi ò rí ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn tó ìyẹn.

Lẹ́tà tí a fi ń darí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa tọ́jú ẹni yìí" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a rí, aago tí a rí i, oògùn tí a ti fún un àti ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí a ń bẹ̀rù, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè fi pè wá, wọ́n gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. A ó pe ilé ìwòsàn náà kí aláìsàn tó gbéra. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tó kọ lẹ́tà náà ni yóò pè láti béèrè bóyá ó dé. Ó máa ń dun nọ́ọ̀sì gan-an nígbà tó bá gbọ́ pé kò dé, àmọ́ láti ibẹ̀ ló ti máa ń mọ̀ pé owó ọkọ̀ kò sí, tàbí pé ìbẹ̀rù mú wọn, yóò sì mọ ohun tó máa bi aláìsàn tó kàn kó tó fún un ní lẹ́tà.

Ibẹ̀ ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà pẹ̀lú àwọn tó ń gbé owó sílẹ̀. Wọ́n á ra ọkọ̀ tó dára, wọ́n á kun ún, wọ́n á ya fọ́tò. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè nínú ìròyìn wa ni iye èèyàn tí a rí lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ̀ pé iye orí ni wọ́n fi ń díwọ̀n òun yóò yọ ìṣẹ́jú 5 ìfúnpá kúrò, kò ní béèrè bí wọ́n ṣe máa lo oògùn, kò sì ní wá ìyá ọkọ ẹnikẹ́ni lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ owó ìpè fóònù kúrò nínú ìṣúná, tí wọ́n ní kò pọn dandan, tí wọ́n sì fi owó náà tẹ aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ètò náà sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi wá ní iye aláìsàn tí a darí tó dé ibi tí a darí wọn sí, àti iye ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní oṣù tó kọjá tí a tún rí lóṣù yìí.

Ní tiwa, a ti yí bí a ṣe ń fọwọ́ sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ padà. Bó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wa lọ sí abúlé kan, a kò ní fọwọ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ padà sí abúlé kan náà pẹ̀lú orúkọ àwọn tó tọ́jú nígbà àkọ́kọ́, kí ó wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó wo inú páálí oògùn wọn, kí ó bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Àwọn tí kò wá síbi ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, yóò bá òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lọ sí ilé wọn. Ó ń mú kí àkókò ẹ̀kọ́ gùn, àwọn kan sì ń ráhùn nípa rẹ̀. Ohun tí mo ń bá àwọn tó ń náwó sí wa sọ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n fi owó ìrìn àjò kejì yìí sínú owó ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì dá owó ìpè wa padà.